Àjọ Kò Lẹ́nu

Lọ́jọ́ tí Àjọ Omi ìlú kan ṣí ìkànnì tirẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, omi kò yọ nínú ọ́fíìsì àjọ náà rárá. Ó ti di ọjọ́ kẹta tí àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ ti ń súfèé lásán. Omi inú ike ni wọ́n rà fún àwọn àlejò, omi inú ike yìí kan náà sì ni ọ̀gá àgbà gbé sókè nínú àwòrán tí wọ́n yà fún ìkànnì ọ̀hún, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé òun ló lọ pọn ọ́n wá láti odò. Wọ́n ti bó ìwé ara ike náà kúrò kí wọ́n tó ya àwòrán. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀. Ẹni tó bó o wà nínú ìtàn yìí.

Ẹni náà ni Akọ̀wé, obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, tó ń tẹ lẹ́tà fún àjọ náà láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé alárìíwo. Nígbà tí ìkànnì dé, òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ sórí rẹ̀, òun nìkan ló sì mọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń ṣí i. Wọ́n ní kó máa bójú tó o. Wọn ò fi kọ́bọ̀ kún owó rẹ̀.

Ọ̀gá àgbà ńkọ́? Níwájú rẹ̀, oyè rẹ̀ gùn débi pé bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é nígbà tí tíì gbóná, tíì á ti tutù kó tó parí: Onímọ̀-Ẹ̀rọ Àgbà, Baba Ìsun, Ọ̀rẹ́ Òjò, Akọ́gun Páìpù, Ẹni-Tí-Omi-Ń-Gbọ́-Tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi gbogbo rẹ̀ jẹ ara rẹ̀. Bó bá ti kọ ẹ̀yìn, Ọ̀gá Pátápátá ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é.

Láràárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n a tò sí àgbàlá, wọ́n á yọ fóònù, wọ́n á ṣí ìkànnì, wọ́n á pa á dé, wọ́n á tún un ṣí, títí yóò fi pé ogún ìgbà. Ìgbà náà ni igbákejì ọ̀gá, ọkùnrin tínínrín kan tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà, yóò wo iye tó hàn lórí fóònù tirẹ̀.

"Ẹgbẹ̀ta ó lé ogún èèyàn ló wò wá láàárọ̀ yìí, sà!"

"Níbo?"

"Lágbàáyé, sà!"

"Ẹ gbọ́ o!" Ọ̀gá Pátápátá á na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ fò. "Láti ibi tí oòrùn ti ń yọ títí dé ibi tó ń wọ̀ sí, aráyé ò lè jẹun àárọ̀ láìkọ́kọ́ wo ojú mi! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún aráyé!"

Wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún aráyé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìṣirò, ẹ fi ogún sọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n di púpọ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀rín yín mọ sínú bí àwọn náà ṣe ń ṣe.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ, tí gbogbo wọn sì mọ̀. Ọ̀gá Pátápátá ò tíì ka ìkànnì yìí rí. Àwòrán ara rẹ̀ ló máa ń wò. Bó bá ti wò ó tán, á ní, "Ó dára," á pa á dé.

Ní gbogbo àkókò yìí, Akọ̀wé ń kàwé. Ọdún kẹfà rèé tó ti ń lọ sí yunifásítì ní ọjọọjọ́ Sátidé, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè é ní "Màmá wa" tí wọ́n sì ń wo iṣẹ́ rẹ̀ kọ. Iṣẹ́ ìwádìí ló kù fún un. Bó bá yege, á kúrò nídìí lẹ́tà títẹ̀, á di òṣìṣẹ́ àgbà. Bí kò bá yege lọ́dún yìí, ọjọ́ orí tí àjọ fi ń gbani sí ipò yẹn á ti kọjá lára rẹ̀, ìdí lẹ́tà ló máa dàgbà sí.

Ẹ̀rọ omi gbogboogbò ló kọ ìwé rẹ̀ lé lórí. Ojú ewé kan wà lórí ìkànnì àjọ tó sọ pé ẹ̀rọ méjìlá ló wà nígboro, pé gbogbo wọn ń yọ omi tọ̀sán-tòru, ó sì to àdírẹ́sì wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé mọ ojú ewé náà dáadáa. Nínú fáìlì àtijọ́ kan tí ọ̀gá tó ṣáájú Ọ̀gá Pátápátá fi sílẹ̀ ló ti dà á kọ. Ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó rìn lọ síbi méjèèjìlá, ó sì kọ ohun tó rí.

Olùkọ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà jẹ́ ìyá kúkúrú kan tó so awò ojú mọ́ okùn bàtà kọ́ ọrùn. Ó ka iṣẹ́ náà tán, ó fi bírò gbá ẹ̀yìn ìwé náà.

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n ibi tó o ti rí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ méjìlá yìí, o ò tọ́ka sí i dáadáa. 'Íńtánẹ́ẹ̀tì' lo kọ. Ṣé bí wọ́n bá bi ọ́ níbi tó o ti ra bàtà, 'ayé' lo máa dáhùn ni?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa, gbọ́. Bí ojú ewé bá ní ẹni tó kọ ọ́, orúkọ ẹni yẹn ló máa ṣáájú. Bí kò bá ní, orúkọ àjọ ni. Lẹ́yìn náà, àkọlé rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn, àdírẹ́sì rẹ̀ láìku ẹyọ lẹ́tà kan, àti ọjọ́ tí ìwọ fi ojú ara rẹ rí i. Kó o sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kó o fi pa mọ́. Ìkànnì ò dà bí ìwé. Ohun tó wà níbẹ̀ láàárọ̀ lè ti pòórá lọ́sàn-án."

"Kò ní ẹni tó kọ ọ́, mà. Orúkọ àjọ ni n ó kọ." Ọkàn Akọ̀wé fúyẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Àjọ ò lójú tí á fi bínú wo èèyàn. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Mà, ẹ̀rọ kejìlá yẹn... ṣé mi ò lè fò ó ni?"

"Kí ló ṣe ẹ̀rọ kejìlá?"

"Inú ọgbà ẹnì kan ló wà, mà."

"Ta ni?"

Akọ̀wé wo ilẹ̀. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni Ọ̀gá Pátápátá kọ́ ilé sí Òpópónà Kẹta, tó yí odi rẹ̀ po, tí ẹ̀rọ ìlú sì bá ara rẹ̀ nínú odi náà bí àlejò tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́.

Màmá olùkọ́ ò tún bi í. "Kọ ohun tó o rí. Má kọ ẹni tó ni ín, ìyẹn ò sí nínú iṣẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n bó o bá kọ mọ́kànlá, mi ò ní buwọ́ lù ú."

Ó ku ìwé ìyọ̀ǹda. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa pè é síwájú àwọn adánniwò, àjọ sì gbọ́dọ̀ kọ̀wé pé àwọn yọ̀ǹda rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí kò bá mú ìwé yẹn dání, wọn ò ní jẹ́ kó jókòó. Akọ̀wé tẹ ìwé náà fúnra rẹ̀, ó mú un lọ fún Ọ̀gá Pátápátá pé kó buwọ́ lù ú.

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe ní yunifásítì?"

"Wọ́n fẹ́ dán mi wò lórí iṣẹ́ ìwádìí mi, sà. Mo tọ́ka sí ìkànnì wa nínú rẹ̀."

Ọ̀gá Pátápátá dìde. Àga rẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. "Ìkànnì tèmi? Nínú ìwé yunifásítì? Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà!" (Níwájú rẹ̀ gan-an ló ti máa ń pè é bẹ́ẹ̀, òun tiẹ̀ rò pé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni.) "Wá gbọ́! Wọ́n ti gbé mi wọnú ìmọ̀!"

"Ìmọ̀ ló ríre, sà!"

"Jẹ́ kí n rí ibi tí orúkọ mi wà."

Akọ̀wé ṣí ẹ̀yìn ìwé náà, ó fi ìka hàn án. Ọ̀gá Pátápátá kà á, ojú rẹ̀ sì ń rọ díẹ̀díẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa.

"Àjọ Omi. Àjọ Omi? Ta ní ń jẹ́ Àjọ? Ṣé Àjọ lẹ́nu ni? Ṣé Àjọ ń wọ kóòtù? Ìgbà wo lo rí Àjọ tó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò? Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ lórí ìkànnì yẹn! Èmi!"

"Olùkọ́ ní tí kò bá sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ lójú ewé, sà, orúkọ àjọ ni kí n..."

"Nígbà náà, kí orúkọ wà lójú ewé! Fi orúkọ mi sí gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo oyè mi. Kó o sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, 'Èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, òótọ́ ni.'"

Akọ̀wé bẹ̀ ẹ́. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ojú ewé tí mo tọ́ka sí yẹn, ẹni tó ṣáájú yín ló kọ ọ́."

"Ẹni tó ṣáájú mi mọ íńtánẹ́ẹ̀tì ni? Ohunkóhun tó bá wà nínú ilé mi, tèmi ni!"

Ìyẹn tiẹ̀ jẹ́ òótọ́ ju bó ṣe rò lọ.

"Ẹ bá mi ka ojú ewé kẹrìndínlógún ìwé mi, sà. Ojú ewé kan péré."

"Èmi kì í ka ìyìn, mo máa ń gbọ́ ọ ni. N ó wá gbọ́ ọ lọ́jọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà, pe alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àjọ, kí òun náà wá jókòó sí iwájú. Ìwọ Akọ̀wé, lọ́jọ́ tí orúkọ mi bá wọnú ìwé rẹ lo máa gba ìyọ̀ǹda."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀. Jórinjórin lọkọ rẹ̀, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ tó jẹ́ pé irin ló máa ń pariwo fún un. Akọ̀wé jókòó sórí páìpù kan, ó rò fún un.

"Bàbá wọn, bí mo bá fi orúkọ rẹ̀ sí i, mo ti fà á jáde ní gbangba. Bí mi ò bá fi sí i, mi ò ní jókòó ìdánwò."

Ọkọ rẹ̀ gbé awò iná sókè. "Ìgbà mélòó lo kìlọ̀ fún un?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Lọ kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, kí ọkàn rẹ má bàa dá ọ lẹ́bi. Bí kò bá gbọ́, ṣé ìwọ lo wá fẹ́ fi tipátipá ba ayọ̀ aláyọ̀ jẹ́?" Ó fa awò náà bojú. "Wò ó, ìyá àwọn ọmọ mi, ẹni tó ní kí n jó òun mọ́ ilẹ̀kùn, bí mo bá ti bi í pé 'ṣé ó dá ẹ lójú?' tó ní ó dá òun lójú..." Iná tàn yẹ̀ẹ̀, ó sì padà sídìí irin rẹ̀.

Ó lọ kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n ní kó jáde.

Ó fi orúkọ náà sí i. Ìkànnì náà ní ojú ewé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, Ọ̀gá Pátápátá ló sì kọ gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sán kan. Òun ló kọ "Ẹ káàbọ̀". Òun ló kọ ìlànà bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀sùn páìpù tó bẹ́ sùn. Kódà, ojú ewé tó máa ń yọ bí èèyàn bá ṣìnà, èyí tó sọ pé "Kò sí ohun tí ẹ ń wá níbí", òun ló kọ ọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò, òótọ́ ni. Akọ̀wé tẹ ojú ewé ẹ̀rọ méjìlá sórí ìwé, ó tún ìtọ́kasí rẹ̀ kọ bí màmá olùkọ́ ṣe kọ́ ọ, oyè àti gbogbo rẹ̀, ó gba ìlà mẹ́ta. Ó fi ọjọ́ tó rí i sí i.

Nígbà náà ni Ọ̀gá Pátápátá buwọ́ lu ìwé ìyọ̀ǹda. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kún un pé: "Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé iṣẹ́ àjọ kankan lé obìnrin yìí lọ́wọ́, àní bí ó bá jẹ́ èmi gan-an." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn yẹn sápò, a máa lò ó láìpẹ́.

Ọjọ́bọ̀ dé. Yàrá kékeré ni wọ́n máa ń lò fún irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, adánniwò mẹ́ta àti àga mẹ́wàá. Ọ̀gá Pátápátá kó gbogbo òṣìṣẹ́ àjọ wá, wọ́n dé fìlà tuntun tí wọ́n kọ àdírẹ́sì ìkànnì sí. Àwọn kan dúró, àwọn kan jókòó sójú fèrèsé. Alága ìgbìmọ̀, àgbà ọkùnrin kan tó ń lo ọ̀pá, jókòó síwájú pẹ̀lú Ọ̀gá Pátápátá. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láti máa darí àtẹ́wọ́: bí wọ́n bá ti gbọ́ oyè, kí wọ́n pàtẹ́.

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀.

"Gẹ́gẹ́ bí Onímọ̀-Ẹ̀rọ Àgbà, Baba Ìsun, Ọ̀rẹ́ Òjò, Akọ́gun Páìpù, Ẹni-Tí-Omi-Ń-Gbọ́-Tirẹ̀ ṣe kọ ọ́ lórí ìkànnì àjọ..."

Àtẹ́wọ́ ya lulẹ̀. Ọ̀gá Pátápátá dìde, ó tẹrí ba fún àwọn adánniwò, fún fèrèsé, fún fáànù òkè.

"...ẹ̀rọ omi gbogboogbò méjìlá ló wà nígboro, gbogbo wọn ló sì ń yọ omi."

Àtẹ́wọ́.

"Mo rìn dé ibi méjèèjìlá."

Àtẹ́wọ́.

"Mẹ́rin ló ń yọ omi."

Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà nìkan ló pàtẹ́wọ́ níbẹ̀, nítorí pé ó mọ́ ọn lára.

"Mẹ́ta gbẹ. Ní ibi mẹ́rin, kò sí ẹ̀rọ kankan. Ọ̀kan nínú ibẹ̀ jẹ́ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ó ní ọdún kọkànlá òun rèé níbẹ̀, ó sì ní kí n júwe bí ẹ̀rọ omi ṣe máa ń rí fún òun."

Ẹ̀rín sọ lójú fèrèsé. Ọ̀gá Pátápátá jókòó. Ó dà bí ẹni pé kóòtù rẹ̀ ti tóbi sí i.

Adánniwò tó wà láàárín ṣírò lórí ìka. "Mọ́kànlá nìyẹn. Ọ̀kan ṣẹ́kù."

"Ìkejìlá ń yọ omi, sà. Òun ló ń yọ omi jù. Ilé keje, Òpópónà Kẹta, bó ṣe wà lórí ìkànnì gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n inú ọgbà ẹnì kan ló wà. Ojú ihò géètì ni mo ti rí i. Wọ́n ń fi í bomi rin òdòdó. Ọwọ́ ẹ̀rọ náà pupa."

Alága ìgbìmọ̀ gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó yíjú sí Ọ̀gá Pátápátá.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé kì í ṣe ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ pupa yẹn ni mo fi fọwọ́ nílé rẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá? O ní kànga àdáni lo gbẹ́."

Ọ̀gá Pátápátá fò dìde. "Irọ́ ni! Irọ́ ló wà lójú ewé yẹn! Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́! Àjọ... Àjọ ló kọ ọ́!"

Màmá olùkọ́, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn adánniwò, gbé awò sójú, ó na ìwé tí Akọ̀wé tẹ̀ jáde síwájú, ó kà á ketekete: "'Èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, òótọ́ ni.' Oyè yín rèé lókè rẹ̀, sà. Ó gba ìlà mẹ́ta."

Ọ̀gá Pátápátá sún mọ́ Akọ̀wé, ó ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu. "Yọ ọ́. Yọ orúkọ mi kúrò lórí ìkànnì báyìí-báyìí. Fóònù rẹ dà?"

Akọ̀wé wò ó. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n mọ́. Ó fa ìwé ìyọ̀ǹda yọ láti inú báàgì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un bí ọmọlúàbí.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yin lẹ ní kí ẹnikẹ́ni má gbé iṣẹ́ àjọ lé mi lọ́wọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ ní àní bó bá jẹ́ ẹ̀yin gan-an."

"Ẹ jẹ́ ká wádìí ọ̀rọ̀ yìí," alága wí. Ó nàka sí Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà. "Ìwọ tó jẹ́ igbákejì rẹ̀. Àjọ ló kọ ọ̀rọ̀ yìí ni, àbí ọ̀gá rẹ?"

Ọ̀gá Pátápátá ti kọ́ ọkùnrin yẹn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan bó ṣe máa dáhùn bí ẹnikẹ́ni bá bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Kò ronú. Ó na ara rẹ̀ gbọnran.

"Àjọ kò lẹ́nu, sà! Àjọ kì í wọ kóòtù! Ọ̀gá wa ló ń sọ̀rọ̀, sà!"

Òṣìṣẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n yòókù pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní àtẹ́wọ́ yẹn nìkan ni ẹnikẹ́ni ò pàṣẹ rẹ̀.

Kí oṣù tó parí, ìgbìmọ̀ ti ní kí Ọ̀gá Pátápátá lọ máa sinmi nílé, kó sì gé odi rẹ̀ kí aráàlú lè rí ọ̀nà dé ìdí ẹ̀rọ wọn. Ọkọ Akọ̀wé ni wọ́n gbé iṣẹ́ irin rẹ̀ fún. Ó bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré, "Ṣé ó dá yín lójú?" Láti ọjọ́ náà, àwọn ará òpópónà ń gbé garawa kọjá níwájú fèrèsé Ọ̀gá Pátápátá láti ìdájí, wọ́n sì ń kí i bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ẹ̀rọ márùn-ún ló wà lórí ìkànnì báyìí. Àwòrán rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Èèyàn mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá ló ń wò ó lójúmọ́, nítorí pé wọ́n fẹ́ mọ ibi tí omi wà.

Akọ̀wé yege. Lórí àtúnṣe, ìbéèrè ẹyọ kan ni àwọn adánniwò bi í: ṣé kò ní yọ ìtọ́kasí yẹn kúrò, nígbà tí ojú ewé náà ti yí padà? Màmá olùkọ́ ló dáhùn fún un. Ó ní ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ọjọ́ tí èèyàn rí i.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà níbẹ̀ dòní. Bí ẹ bá dé ilé ìkàwé yunifásítì náà, pẹpẹ kẹta, ẹ ṣí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀. Ẹ máa rí i: oyè márààrún, ìlà mẹ́ta, ẹ̀rọ méjìlá, àti ọjọ́ tí Akọ̀wé fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ilé ìkàwé ni o. Ẹ má pàtẹ́wọ́.